Ìgò Tí Mo Rì Bọ Odò Ìyá Mi

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òkìtìpupa ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wá sọ ohun tí a ṣe láyé, kí àwọn tó ṣì ń wo ọ̀nà tí wọn yóò gbà lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Omi ni mo ń bù sígò fún ìjọba. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi bù ú." Ẹ̀rín sọ. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Màmá, ṣé ìjọba ò ní kànga ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mo ti gbọ́ èyí tó burú jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá mú bíírò. Bí mo bá ní kí n fi ẹnu sọ ọ́, a ò ní tètè kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, òkè la wà, ìsàlẹ̀ ni etíkun wà. Gbogbo odò kéékèèké tí ẹ ń rí láti Àyèká dé Erinje, àti àwọn ti apá Ìrẹ̀lẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti àwọn ará Àrógbò ni wọ́n ń ṣàn lọ kí wọ́n tó wọ ọ̀sà, kí ọ̀sà náà tó wọ òkun. Ohun tí a bá dà sílẹ̀ lókè níbí, òjò á gbá a wọ odò, odò á gbé e lọ bá ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Omi ibi tí wọ́n ti ń fún epo ni o, omi ẹ̀gẹ́ ni o, oògùn tí àgbẹ̀ fọ́n sóko, ìdọ̀tí inú gọ́tà, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ. Ìjọba wá gbé ètò kalẹ̀ láti wá ibi tí ìdọ̀tí ti ń wọ omi, kí wọ́n sì dí i níbẹ̀ kó tó débi ẹja. Àwa tí a ń bu omi ni ojú ètò náà. Bí ojú bá ṣì í rí, gbogbo ara ló máa ṣìnà.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba ìtàn. Mo jáde ilé ìwé, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó oṣù náà kò pọ̀, kò sì pa mí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ká máa sọ nípa ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́.

Ọ̀gá Akíntúndé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í fi bàtà rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀, àfi bí ó bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi ní kí n máa fọ ìgò òfìfo. Mo ti ka ìwé, mo ní ìwé ẹ̀rí, ìgò ni mo ń fọ̀. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, á gbé e sókè sí oòrùn, á yí i, á ní, "Tún un fọ̀." Mo bínú débi pé mo ní n óò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ máa ta aṣọ.

Nígbà tó wá mú mi dé odò, òfin mẹ́ta ló fún mi, kò sì jẹ́ kí n kọ wọ́n sílẹ̀, ó ní orí ni kí n fi gbé wọn. Kí n fi omi odò náà gan-an ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bu èyí tí n óò gbé lọ. Kí n kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi bá rú lè gba ẹ̀yìn mi lọ. Kí n kọ orúkọ ibẹ̀ sára ìgò kí n tó gòkè odò, kí n má sọ pé ó di ilé. Ó ní, "Ẹni tó bá ní ó di ilé, orí rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe ìwé."

Ọjọ́ kan, a lọ sí Àyèká. Òun wà lókè odò, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Mo ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ta ló máa mọ̀? A délé iṣẹ́, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣan án?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà."

Ó kàn ń wò mí.

"Bísí."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, sà."

Ó da omi náà sí ìdí òdòdó tó wà níwájú ọ́fíìsì, ó gbé ìgò òfìfo lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n padà sí Àyèká. Ọkọ̀ ìjọba kò ní lọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín nínú oòrùn, mo ń sunkún lọ, mo ń sunkún bọ̀. Ìyá kan tó ń yan bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà rí mi, ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú." Mo ní, "Àmín, mà." Kí ni n bá sọ? Pé ìgò ló kú?

Ẹ má rò pé ìkà ni. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo wá mọ̀ pé ohun tó ń kọ́ mi kọjá ìgò. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n, mo ti ṣe àṣìṣe tó ju ti Àyèká lọ, àṣìṣe náà sì jẹ́ èyí tí ọmọ Ìkálẹ̀ tó lẹ́kọ̀ọ́ nílé nìkan lè ṣe.

Odò abúlé wa ń jẹ́ Omidúdú. Orúkọ náà bá a mu, torí ó dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ewé àti gbòǹgbò inú irà ló ń pa á láró bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwa ará ibẹ̀ sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ara wa ń dán. Ọ̀gá ńlá kan wá láti Àkúrẹ́, ó wo odò náà láti inú mọ́tò, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ó ti bàjẹ́. Èmi tí mo kéré jù nínú wọn ni mo lanu pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, dúdú kì í ṣe ìdọ̀tí." Mo mú àwo funfun tí a ń so okùn mọ́ láti fi mọ bí omi ṣe mọ́ tó, mo sọ ọ́ sínú odò. Ó wọlẹ̀ lọ, ó wọlẹ̀ lọ, a ṣì ń rí i, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá káàkiri orí rẹ̀. Ọ̀gá Akíntúndé yíjú sí mi, ó ní, "O gbọ́n díẹ̀." Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọkùnrin yẹn mọ̀ pé oríkì gidi ni ó kì mí. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n fi Omidúdú lé lọ́wọ́. Ẹlòmíràn kì í bu omi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì wú mi lórí gan-an.

Ìyá mi ń ṣe púpúrú. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú odò fún bí ọjọ́ mẹ́rin títí á fi rọ̀, tí á sì kan. Wọ́n á wá yọ ọ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á gún un, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á tò ó sórí àjà, èéfín á gbẹ ẹ́. Púpúrú yẹn ló rán mi nílé ìwé láti kíláàsì kìn-ín-ní dé òpin. Gbogbo obìnrin tó wà létí Omidúdú ló ní ojú odò tirẹ̀, tó jogún lọ́wọ́ ìyá ọkọ, tó sì ri igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ fún àmì. Nítorí ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń yọ ọ́, láti abúlé tó wà lókè dé èyí tó wà nísàlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yíyọ, Omidúdú kì í dúdú mọ́. Á funfun, á hó, á máa rùn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, á tún padà dúdú bíi pé kò ṣe nǹkan kan rí.

Àwa kì í dúró wo àgbà tó ń yọ ẹ̀gẹ́. Bí o bá débẹ̀, wàá kí i, wàá ká aṣọ rẹ sókè, wàá bá a gbé àpò. Ẹni tó bá dúró lókè odò tó ń wò, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Èmi wá ni kí n gbé ìgò ìjọba lọ dúró ti ìyá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí n máa bu omi ẹ̀gẹ́ wọn bíi ẹni tó ń ṣọ́ olè? Ojú tì mí. Mo wá ń yan ọjọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni lódò. Mo ń ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń kọjú sí ibi tó yẹ, mo ń kọ orúkọ ibẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé mi, Omidúdú mọ́, ó mọ́, ó mọ́.

Ọdún kan wá dé tí ọ̀gbẹlẹ̀ pẹ́. Gbogbo odò fà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn apẹja Ìlàjẹ mẹ́rin wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú agbọ̀n ńlá méjì. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Bàbá Olú, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó da agbọ̀n náà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òkú ẹja dà lọ rẹrẹẹrẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin ará òkè," ló ní, "kí la fi ṣẹ̀ yín? Inú ọgbà tí mo fi igi ṣe sínú omi ni mo ti ń sin àwọn wọ̀nyí. Mo jí, gbogbo wọn ti yí inú sókè. Ọmọ mẹ́ta ni mo fi wọ́n ṣèlérí ilé ìwé fún."

Òórùn ẹja náà kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ kan, ohùn bàbá náà kò sì kúrò létí mi títí dòní.

Ariwo sọ. Àwọn ọ̀gá láti Àkúrẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá. Wọ́n wo ibi tí odò ti ń ṣàn lọ bá àwọn apẹja, wọ́n rí i pé ọ̀nà méjì péré ni ìdọ̀tí náà lè gbà: bóyá Omidúdú, bóyá odò tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi ìfúnpo kan lápá Erinje. Wọ́n ṣí ìwé mi. Omidúdú mọ́. Ó di pé ibi ìfúnpo ni. Wọ́n ní kí wọ́n tì í pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, wá jókòó sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì wa, wọn ò jà, wọn ò pariwo, wọ́n kàn jókòó. Olórí wọn ń sọ ṣáá pé, "A ti gbẹ́ kòtò fún omi wa láti ọdún tó kọjá. Ẹ wá wò ó." Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Ìwé mi ti sọ̀rọ̀.

Mi ò lè jẹun. Omi ẹ̀gẹ́, bí ó bá pọ̀ tí odò sì kéré, á gba èémí mọ́ ẹja nínú. Mo kà á nílé ìwé. Mo mọ̀ ọ́n kí àwọn ọ̀gá náà tó wọ mọ́tò. Bí mo bá dákẹ́, àwọn aláìṣẹ̀ á pàdánù iṣẹ́ wọn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìjọba á lọ lé ìyá mi kúrò nínú odò tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Mo bá Ọ̀gá Akíntúndé níbi tó ti ń fọ bàtà rẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, ìwé Omidúdú yẹn kò péye."

"Báwo?"

"Mi ò bù ú rí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ tó bá mọ́ ni mo ń lọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà. Ọdún mẹ́fà."

Mo rò pé á pariwo mọ́ mi. Mo tiẹ̀ ń wo ilẹ̀, mo ń retí rẹ̀. Ó bọ́ díńgí ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún.

"Ìgò rẹ mọ́, Bísí. Ojú rẹ sì wà níbi tó yẹ kó wà. Ọjọ́ ni o kò kọjú sí." Ó tún díńgí náà wọ̀. "Èmi náà ò sì bi ọ́ léèrè ọjọ́. N óò sọ ìyẹn fún wọn. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa yọ ẹ̀gẹ́?"

"Ọ̀túnla."

"Lọ bù ú. Mi ò ní rán ẹlòmíràn."

"Ọ̀gá, ìyá mi mà ni."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi ní rán ẹlòmíràn nìyẹn."

Nígbà tí mo dé odò lọ́jọ́ yíyọ náà, oòrùn ti ń yọ, àwọn obìnrin ti wà nínú omi. Ìyá mi ló wà lókè jù, omi mu ún dé orúnkún. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí mi.

"Ọma mi! O dé lásìkò. Wá gbé èyí, ẹ̀yìn ń dùn mí."

Mo gbé ìgò sílẹ̀, mo ká yẹ̀rì mi, mo bá a gbé àpò méjì gòkè. Mo gbé ti Ìyá Kẹ́hìndé, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú. Omi ti funfun, ó ń hó gba ìdí wa kọjá. Mo wá padà lọ mú ìgò.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni ìyá mi bi mí.

"Mo fẹ́ bu omi, Ìyá."

"Omi tòní? Omi yìí?"

"Òun ló ń pa ẹja àwọn ará ìsàlẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyá Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gẹ́ tó rán ọ nílé ìwé lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn ìjọba?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Mo wọ omi lọ, mo ṣan ìgò, mo ṣan án, mo tún un ṣan. Mo wá fẹ́ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyá mi dúró sí. Kò sí bí mo ṣe lè bu omi náà láì wo ojú rẹ̀. Mo wò ó, mo bù ú. Mo mú bíírò.

"Kí lo ń kọ síbẹ̀?"

"Orúkọ ojú odò, Ìyá."

"Orúkọ wo?"

"Ojú odò Ìyá Bísí."

"Pa orúkọ mi rẹ́ kúrò níbẹ̀."

"Mi ò lè pa á rẹ́, Ìyá. Ibi tí mo ti bù ú nìyẹn."

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpò mìíràn.

Àbájáde ìgò náà jáde, ó burú. Wọ́n ṣí ibi ìfúnpo náà padà, Ọ̀gá Akíntúndé fúnra rẹ̀ lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ sí èmi àti òun, a fọwọ́ sí i. Ìjọba kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ ẹ̀gẹ́ sínú Omidúdú mọ́. Wọ́n mọ táńkì sìmẹ́ńtì fún àwọn obìnrin náà lórí pápá, níbi tí oòrùn ti ń pa á láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ gbóná, ó jẹrà, kò kan dáadáa, àwọn oníbàárà sì ń da púpúrú rẹ̀ padà. Bí mo bá dé ilé, ìyá mi á gbé oúnjẹ fún mi, kò ní bá mi jókòó. Ó ti yí orúkọ mi padà. Á ní, "Obìnrin ìjọba, oúnjẹ rẹ rè é." Mo sọ fún yín, kò sí ìwé ìkìlọ̀ tó dùn mí tó ìyẹn. Mo sunkún lórí rẹ̀ ju ti Àyèká lọ.

Ọ̀gá Akíntúndé ló tún un ṣe. Ní ọjọ́ kan, ó tẹ̀lé mi lọ sábúlé. Ó bá ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó fa àpótí, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bó o pẹ̀lú rẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan títí ẹ̀gẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wá ní, "Ìyá, táńkì tí a mọ yẹn kò dára, àbí?"

Ìyá mi ní, "Ẹni tó mọ ọ́n kò jẹ púpúrú rí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìjọba ńkọ́?"

Ìyá mi ju èèpo sílẹ̀, ó dìde, ó mú un lọ sẹ́yìn ilé, èmi náà tẹ̀lé wọn. Ó fi ibi tó ti ń da omi ẹ̀gẹ́ fífún sí hàn án. Ó ní bí òun bá da tútù rẹ̀ sílẹ̀, koríko ibẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wà nínú kòtò fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tó sì ṣàn dénú kòtò kejì, kì í pa koríko mọ́. Ó nawọ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nídìí kòtò kejì náà, ó ní kí a wo bí ó ṣe sanra. "Ẹ gbẹ́ kòtò fún wa lábẹ́ ọparun níbi tí ó tutù," ló wí, "kí a máa rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Kí omi rẹ̀ máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Kó tó débi odò, inú rẹ̀ á ti rọ̀."

Mo dúró, mo ń wo ìyá mi bíi pé mi ò rí i rí. Èmi tí mo kàwé nípa omi, ẹ̀yìn ilé wa ni ẹ̀kọ́ wà, mo sì máa ń gba ibẹ̀ lọ sálàńgá lójoojúmọ́.

Kòtò mẹ́ta ni Ọ̀gá yà sínú ìwé, pẹ̀lú iyanrìn nísàlẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ìkẹta. Àwọn ará Àkúrẹ́ kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ètò ìjọba. A gbẹ́ ẹ, a bu omi ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín wọn sì gbẹ. Ohun tó kù ni ọjọ́ yíyọ, torí bí gbogbo abúlé bá tú kòtò wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣì pọ̀ jù. Wòlíì ìjọ wa lábúlé ló bá wa yanjú ìyẹn. Odò yẹn náà ni ìjọ ti máa ń wẹ̀, bí ìwẹ̀ bá sì bọ́ sí ọjọ́ yíyọ, ara á yún àwọn aláṣọ funfun wa, wọ́n á ní ọ̀tá ló ń bá wọn jà. Wòlíì kéde láti orí pẹpẹ, ó pín ọjọ́ fún abúlé kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹni tó bá yọ tirẹ̀ lọ́jọ́ ọlọ́jọ́, òun ló máa fọ gbogbo aṣọ ìjọ. Kò sẹ́ni tó dán an wò. Àwọn ọ̀tá náà sì fi àwọn aláṣọ funfun sílẹ̀.

Ní ọdún kejì, Bàbá Olú wá. Ẹja àrọ̀ tútù ló gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń ta pútúpútú nínú agbọ̀n. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ni kòtò. Àwọn méjèèjì jókòó, ó ń sọ Ìlàjẹ, ìyá mi ń sọ Ìkálẹ̀, wọ́n ń jẹ púpúrú. Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi gbójú sókè, ó ní, "Bísí, wá jẹun." Mo jókòó tì í, mo jẹun.

Kòtò mẹ́ta yẹn la gbé kiri fún ọdún tó kù nínú iṣẹ́ mi. A gbé e dé àwọn ibi ìfúnpo lápá Erinje, a gbé e dé Àyèká, a yí i padà díẹ̀ fún omi gọ́tà. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi pẹ̀lú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kúlà àti yìnyín ni, a ó máa sáré kí a lè dé ilé àyẹ̀wò kí yìnyín tó yọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó lẹ́nu gígùn, tí o bá tì í bọ omi, á kọ nọ́ńbà fún ọ lójú ẹsẹ̀. Ní báyìí, fóònù ló ń ya àwòrán odò, tó sì ń sọ ibi tí o dúró sí. Inú mi dùn sí wọn, èmi kì í ṣe àgbà tó ń bá ohun tuntun jà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ké gbàjarè lọ́jọ́ kan pé èémí kankan kò sí nínú odò, pé gbogbo ẹja ti kú. Mo wo inú omi, ẹja ń ṣeré. Mo wo ẹ̀rọ, kò tíì ṣí ìdérí ẹnu rẹ̀. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ìdérí ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, mi ò ní kí ẹ wá bu omi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ kan kò kéré tí ènìyàn bá ṣe é dé ibi tí ó ti ń tì í lójú. Ọ̀gá Akíntúndé ti lọ sinmi. Wọ́n fi bàtà rọ́bà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pósí lọ́jọ́ ìsìnkú, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Ayé mi dára. Mo dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n yan odò tí mo bá fẹ́ bù gbẹ̀yìn. Mo yan Omidúdú, mo sì yan ọjọ́ tó kan abúlé wa láti yọ ẹ̀gẹ́. Ìyàwó àbúrò mi ló ń ṣe púpúrú náà báyìí. Ìyá mi ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó ní àfi kí òun débẹ̀. A gbé àpótí fún un sí etí odò. Omi ìsàlẹ̀ kòtò kẹta ń sun wọ inú odò díẹ̀díẹ̀, odò dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú.

Mo fẹ́ wọ omi nígbà tó na ọwọ́ sí mi. "Gbé ìgò yẹn wá."

Mo gbé e fún un. Ó dìde, mo di apá rẹ̀ mú, ó wọ omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá mi tí kò jókòó ní kíláàsì rí ṣan ìgò náà, ó dà á nù. Ó tún un ṣan. Ó ṣan án lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá kọjú sí òkè odò, ó bù ú, ó dé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ọma mi, ṣé orúkọ mi lo máa kọ síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kọ ọ́ kó tóbi. Kí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè kà á."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ojú odò Ìyá Bísí. Mo wá kọ ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀: ọjọ́ yíyọ ẹ̀gẹ́.